Ilẹ̀kùn Kúkúrú Nílé Àwọn Ọdẹ Àbùùbùtán

Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Òun ló pọ̀n mí, òun ló kọ́ mi ní irun dídì, òun náà ló ṣe ọ̀nà bí mo ṣe dé Jámánì. Síbẹ̀, tá a bá pàdé níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ìjọ, màá dúró gbọnin bí òpó iná, màá ní "Ẹ káàsán," màá sì kọ ojú síbòmíràn. Mo ṣì ń sọ "ẹ" fún un. Mo ti gbìyànjú níwájú dígí láti sọ "o" sí i, ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀.

Òun ń gbé ní Berlin, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro Märkisches Viertel. Èmi ń gbé ní Hamburg, ní Billstedt, nínú ilé gogoro tèmi. Jíjìnnà tá a jìnnà síra yẹn ló jẹ́ kí ìjà náà pẹ́ tó báyìí, torí kò sẹ́ni tó ń pàdé ẹnì kejì rẹ̀ nídìí omi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: kó la ẹnu rẹ̀, kó ní òun jẹ̀bi. Kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run," kì í ṣe "ó ti kọjá." Mo jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo ti búra fún ara mi pé ọjọ́ tó bá sọ ọ́ ni orúnkún mi á tó kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Màámi wà lórí àìsàn nílé, ní Ìbàdàn. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, lásìkò náà, lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi lè jáde kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ó ṣeé ṣe kí n má wọlé mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní pásípọ́ọ̀tù Jámánì, ó wọ bàálù lọ. Èmi jókòó sí Billstedt, mo ń pe fóònù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dá mi lóhùn pé Màámi ń sùn, Màámi ń wẹ̀ lọ́wọ́, Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn tán ni. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, mo pè, mo tún pè, mo sọ fún ẹni tó gbé e pé bí Màámi ò bá bá mi sọ̀rọ̀ lónìí, màá wọ bàálù lọ́la, kí ìwé máa bá tiẹ̀ lọ. Mo gé e. Mo tún pè.

Màámi ló gbé e. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń wúkọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé ó ń jáde. Ó fi oríkì mi pè mí, oríkì tí ẹnikẹ́ni ò fi ń pè mí mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti di òyìnbó. Ó ní, "Ilẹ̀ tútù ni wàá máa tẹ̀. Ìlú tó o wà ò ní lé ẹ. Ibi tó o bá jókòó sí, wọn ò ní ní kó o dìde." Mo ní, "Àmín, Màámi." Fóònù gé.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, pásítọ̀ àti ìyá ìjọ méjì kan ilẹ̀kùn mi ní àárọ̀ Wednesday, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú gèlè dúdú. Ẹni tó bá ti gbé láàárín wa mọ ohun tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ gbé wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n ní ọjọ́ Thursday tó tẹ̀ lé Sunday yẹn ni Màámi kú. Wọ́n ti sin ín. Gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ìjọ Berlin mọ̀, ìjọ Hamburg mọ̀. Ní Sunday tó ṣáájú, mo dìde nínú ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà kí ara Màámi yá, wọ́n sì gbàdúrà, wọ́n di ojú, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ṣe àmín gbọ̀ọ̀rọ̀ fún ara òkú.

Mo mọ̀ pé a máa ń ṣe é. A máa ń fi ikú pamọ́ fún aláboyún, fún ẹni tó ń ṣèdánwò, fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi. Wọ́n ní kó má bàa gbọ́ ọ lójijì ni. Kí ló wá yàtọ̀ nínú bí mo ṣe gbọ́ ọ yìí? Ìyá mi ni. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìyà tí mo fẹ́ jẹ fún ara mi, bóyá kí n lọ kí n sin ín, kí n má padà wá mọ́, tàbí kí n dúró. Ẹ̀gbọ́n mi yàn án fún mi.

Sunday yẹn nìkan ló gbé mi ró. Bí ìbínú bá ń jó mi lára bí iná, màá rántí pé ó ṣáà bá mi sọ̀rọ̀, ó gbàdúrà fún mi, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó lọ. Nígbà tí ìwé mi jáde lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo jókòó sórí àga níwájú obìnrin tó fún mi ní káàdì náà, mi ò tètè dìde. Mo ní Màámi ti sọ ọ́, wọn ò ní ní kí n dìde. Obìnrin náà ní òun ní ẹlòmíràn tó ń dúró.

*

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó wa lọ sí etí òkun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni, Berlin ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá bí mo ṣe gbọ́ ọ, àmọ́ bó o bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, èdè Jámánì ló máa fi dá ẹ lóhùn. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì, ó wá ríṣẹ́ lọ́dún yìí ní erékùṣù kan ní Òkun Àríwá, ó ń mú àwọn àlejò yí ká ilé àtijọ́ kan tí ọ̀gá àwọn ọdẹ ẹja àbùùbùtán kọ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Tante, ihr kommt beide. Sonst rede ich mit keiner von euch mehr." Ó ní kí àwa méjèèjì wá lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní bá ẹnì kankan nínú wa sọ̀rọ̀ mọ́. Bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ṣe ń parí ìjà nìyẹn: wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.

Mo gbà nítorí ọmọ náà. Mo sì gbà nítorí pé mo rò ó pé ibi tí kò sí pásítọ̀, tí kò sí ìyá ìjọ, ẹ̀gbọ́n mi ò ní rí ẹni sá sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ni màá gba ọ̀rọ̀ méjì mi.

Ó ti Berlin dé Hamburg lọ́jọ́ tó ṣáájú. Yàrá kan ṣófo nílé mi, ó ní bẹ́ẹ̀dì, mo tiẹ̀ ti pààrọ̀ aṣọ orí rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sùn sí Lurup, lọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ìjọ rẹ̀, ní ìpẹ̀kun kejì ìlú. Ọmọ rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà kúrò.

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Altona, mo rí i pẹ̀lú kúlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bùbá tó nípọn lábẹ́ kóòtù. Ó ti rí mi. Ó wọ ọkọ̀ láti iwájú, mo wọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Wákàtí mẹ́ta ni ọkọ̀ ojú irin yẹn fi ń sáré láàárín pápá tí kò ní nǹkan kan nínú ju màlúù àti àwọn fáànù ńlá tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná. Òjò ń gbá fèrèsé. Mo ń ṣe ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ lọ́kàn mi, mo ń tún un ṣe, mo ń fi kún un. Nígbà tá a fi máa dé ibi tá a ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti gùn ju ìwàásù lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, kò síbi tá a lè sá sí mọ́. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé mọ́ínmọ́ín méjì tí wọ́n wé sínú fóìlì sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó sí iwájú. Ó ṣì gbóná. Ẹja àti ẹyin wà nínú rẹ̀, mò ń gbóòórùn rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án. Obìnrin Jámánì kan bi mí bóyá ẹnì kan gbàgbé ẹrù rẹ̀ ni, mo ní mi ò mọ̀.

Ẹ wo òkun wọn náà. Mo ti rí òkun Èkó, ó ń pariwo, ó ń jà, ṣùgbọ́n ó gbóná, ó sì lẹ́wà. Èyí dúdú bí omi ìfọṣọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló máa ń fà sẹ́yìn, tí á ku ẹrọ̀fọ̀ lọ títí tí ojú ò fi ní tó o mọ́. Kí ni èèyàn ń wá níbẹ̀? Atẹ́gùn fẹ́ já wíìgì mi lọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ takisí nítorí orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún. Èmi fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo bá a wọ takisí kan náà.

Mo rìn fún wákàtí kan gbáko lẹ́bàá òkun. Iyanrìn ń ta mí lójú. Koríko tó wà níbẹ̀ le, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ti gbá létí. Nígbà tí mo fi máa rí ilé náà, mo ti ń bá ara mi sọ̀rọ̀ jáde.

Ilé kúkúrú ni. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, ó nípọn ju mátírẹ́ẹ̀sì lọ, ó sì wálẹ̀ débi pé o lè na ọwọ́ kàn án. Ní ẹnu géètì, wọ́n ri egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbùùbùtán méjì mọ́lẹ̀, wọ́n ga ju èèyàn lọ, orí wọn fẹnu kora lókè. Nǹkan tútù ti hù lára wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lábẹ́ wọn nínú kóòtù òjò aláwọ̀ ìyeyè, àwọn àlejò Jámánì mẹ́fà yí i ká. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí ilé náà. Ìyá rẹ̀ ti wà nínú ilé, ó ti jókòó.

Mo dúró tì wọ́n, mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní nígbà tí òtútù bá ń parí lọ ni àwọn ọkùnrin máa ń kúrò, wọ́n á lọ síbi tí yìnyín wà láti pa ẹja náà nítorí ọ̀rá rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi ń tan àtùpà káàkiri ìlú ńláńlá. Títí wọ́n á fi padà dé nígbà ìkórè, ìyàwó kankan ò ní gbọ́ bóyá ọkọ òun wà láàyè. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ló máa wá sọ ọ́ nílé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu tíì tí obìnrin náà bá gbé fún wọn, tí wọ́n bá mu ún tán, wọ́n á sọ ọ́.

"Wọ́n tiẹ̀ wá," mo ní. Ohùn mi jáde ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Wọ́n tiẹ̀ jókòó. Wọn ò sin ín tán kí wọ́n tó wá."

Yorùbá ni mo sọ, àwọn àlejò wò mí. Ọmọ náà gbọ́ mi. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ká wọlé, ká tẹ orí wa ba torí ẹnu ọ̀nà kúrú, ká sì ṣọ́ àtẹ̀gùn kan tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Kopf einziehen, bitte!" Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ìyàwó rẹ̀, àwọn yòókù. Mo jẹ́ kí gbogbo wọn kọjá. Mo ń to ìwàásù mi pọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé màá dúró ṣánṣán, màá kí i láti òkè.

Mo tẹ orí mi ba, mo wọlé.

Ìta ti mọ́lẹ̀ jù, inú ilé ṣókùnkùn bí inú àpò. Mi ò rí nǹkan kan. Mo gbàgbé àtẹ̀gùn tí ọmọ sọ. Ẹsẹ̀ mi wá ilẹ̀, kò rí i, mo sì fi orúnkún méjèèjì lu bíríkì gbì! Mo wà nílẹ̀ nínú òkùnkùn, orí mi wà nísàlẹ̀, ọwọ́ mi wà lórí ilẹ̀ tútù.

Láti inú òkùnkùn, ní iwájú mi gan-an, ohùn kan fi oríkì mi pè mí.

Ohùn náà há, ó mì díẹ̀, bí ohùn ẹni tí omijé ti dí lọ́fun. Ó ní, "O ṣeun. O kú ìrìn. Ilẹ̀ tútù ni wàá máa tẹ̀. Ìlú tó o wà ò ní lé ẹ. Ibi tó o bá jókòó sí, wọn ò ní ní kó o dìde." Ó sì wúkọ́.

Mo ní, "Àmín, Màámi."

Ó jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mi ò rò ó, mi ò yàn án. Ara mi ló dáhùn, bó ṣe dáhùn ní Sunday ọjọ́sí. Lẹ́yìn náà ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Mo rí bàtà rẹ̀. Mo rí kúlà búlúù náà. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lórí àga onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na ọwọ́ rẹ̀ sórí mi bí ìyá ṣe ń nawọ́ sórí ọmọ tó kúnlẹ̀ kí i. Omi ń dà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí òun. Ó rò pé ìjà ti parí.

"Ẹ̀yin ni," mo ní.

"Kí ló dé?"

"Lórí fóònù. Ní Sunday yẹn. Ẹ̀yin ni."

Kò bi mí pé Sunday wo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé e lé itan.

"Dìde nílẹ̀ ná," ó ní. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ọjọ́ wo ni Màámi kú?"

"Mama, bitte. Nicht hier," ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn pé kó má ṣe é níbí.

"Ọjọ́ wo ni Màámi kú!"

"Tuesday."

"Ẹ sọ fún mi pé Thursday ni."

"Tuesday ni. Tuesday tó ṣáájú Sunday yẹn. Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún ní mọ́ṣúárì nígbà tó o pè."

Mo pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo sọ gan-an. Mo mọ̀ pé mo pè é ní olè. Mo mọ̀ pé mo ní Ọlọ́run á bi í. Obìnrin Jámánì kan tẹ̀ síwájú, ó bi mí bóyá nǹkan ò burú, "Alles in Ordnung?" mo ní rárá, "Nein!" ó sì tẹ̀ padà sẹ́yìn. Wọ́n sún mọ́ra wọn níbi ògiri táìlì, ẹ̀yìn wọn kan àwọn ọkọ̀ ojú omi búlúù kéékèèké tí wọ́n yà sí i, kò síbi tí wọ́n lè gbà jáde nítorí èmi ni mo wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ. Mo gbé fóònù kí n lè sọ fún ẹ. Mo ti sunkún tó ọjọ́ márùn-ún, ohùn mi ti lọ. Mo ní 'hẹ́lò.' Ìwọ lo pariwo, o ní 'Màámi!' O ní 'Màámi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?' O ń sunkún, inú ẹ sì ń dùn, o ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Kí ni kí n ṣe? O ní wàá wọ bàálù lọ́la. Kí n ní rárá, Màmá ti kú? Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Nígbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rí ọ̀nà jáde mọ́."

"Ọdún mẹ́fà lẹ fi wò mí."

"O ń sọ fún gbogbo èèyàn pé Màmá gbàdúrà fún ẹ kó tó lọ. Ojú ẹ máa ń tutù tó o bá ń sọ ọ́. Ṣé kí n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ ni?" Ó nu ojú rẹ̀ nù pẹ̀lú etí gèlè. "Mo jẹ̀bi," ó ní. "Mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ látọjọ́ yìí."

Ọ̀rọ̀ méjì mi nìyẹn. Orúnkún mi sì ti wà nílẹ̀, bí mo ṣe búra. Ohun gbogbo pé pérépéré. Mo rántí pé mo ń wo ibùsùn kan tí wọ́n kì sínú ògiri, tó ní ilẹ̀kùn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, tó kúrú débi pé ìjókòó ni wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, mo sì ń rò ó pé ká ní mo lè wọ ibẹ̀ kí n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Mo fẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ náà padà. Kó gbà á, kó máa ṣe agídí rẹ̀ lọ, kó dá Sunday mi padà fún mi.

Mo dìde. Mo tún ní láti tẹ orí ba kí n tó lè jáde kúrò nínú ilé wọn.

*

Mo jókòó lẹ́yìn egungun yẹn títí wọ́n fi yí ilé ká tán. Òkun ti fà lọ, ẹrọ̀fọ̀ ló kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá dúró tì mí, ó di mí mú láti ẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ó mọ̀. Ó mi orí pé rárá. Mo gbà á gbọ́, nítorí mi ò ní okun tí màá fi bá ẹlòmíràn jà lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tá a ń padà, mo wọ takisí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú mi, tábìlì kan wà láàárín wa. Ó ṣí kúlà, ó gbé mọ́ínmọ́ín kan síwájú mi. Ó ti tutù. Mi ò jẹ ẹ́.

"Àdúrà yẹn ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé Màámi ló ní kẹ́ ẹ gbà á fún mi?"

Mo fẹ́ kó parọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó parọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú," ó ní. "Ẹnu rẹ̀ ti rọ. Èmi ni mo gbà á. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni." Ó ń fi èékánná tẹ fóìlì. "Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Berlin, wọ́n ní kí n dìde nínú bọ́ọ̀sì. Mo dìde. Oyún ọmọ yìí wà nínú mi nígbà náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹ láé."

Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ ọ́ fún mi rí, òun tó máa ń sọ gbogbo nǹkan. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe mí, mo sì lé àánú náà padà, nítorí kò yẹ kó jẹ́ ọjọ́ yìí ló máa wá.

"Mi ò tíì dárí jì yín," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ má sọ fún pásítọ̀ pé ó ti parí. Kò tíì parí."

"Mi ò ní sọ."

Ọkọ̀ náà ń mì. Àwọn Jámánì tó wà ní tábìlì kejì ń jẹ sọ́sééjì, wọ́n ń wo fèrèsé. Mo di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, orúnkún mi ń dùn mí, méjèèjì ti wú.

"Ẹ pè mí," mo ní.

Ó gbójú sókè. Ó fi oríkì mi pè mí. Ohùn tirẹ̀ ni, ohùn tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ohùn tó fi ń pè mí pé kí n wá wẹ̀, kí n wá jẹun.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," mo ní. "Ẹ mọ bí ẹ ṣe ṣe é."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí rẹ̀ ba, kí n má bàa rí ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há, ó sì pè mí.

Mo dijú. Mo ní kó tún un pè.